Àdùfẹ́ Àti Aṣọ́nà Òkè Òkun

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ìyàwó awakọ̀ tírélà ní Ajégúnlẹ̀, opó ni, ọkọ ẹ̀ ò kàn tíì kú ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ á ní òun ń lọ gbé kọ̀nténà ní wọ́ọ̀fù. Wọ́ọ̀fù ọ̀hún ò jìnnà, èèyàn lè lọ kó sì dé kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná. Síbẹ̀ ọkọ lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yọjú. Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn tí ọ̀nà Àpápá ti bàjẹ́ tán, tírélà á tò láti ẹnu géètì èbúté, á gba Wharf Road, títí dé orí afárá Ìjọ́rà. Ẹni tó bá sún síwájú díẹ̀ lónìí, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn awakọ̀ ń sùn sínú ọkọ̀, wọ́n ń wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, búrẹ́dì àárọ̀ ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó wọn nìyẹn, ó kéré tán.

Àdùfẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ sú. Kò sí ẹni tí kò mọ Àdùfẹ́ ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀. Bàbá ẹ̀ ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, ìyá ẹ̀ ń din àkàrà, inú ilé kan tí Ìbò, Ùròbò àti Ìjọ̀ kún bámú ni wọ́n ti tọ́ ọ. Kó tó wọ iléèwé ló ti lè fi èdè mẹ́rin bú èèyàn, kó sì tún fi Píjìn bẹ̀ ẹ́. Ó pupa, ó ga, ẹ̀rín ẹ̀ sì le. Ẹ̀rín tẹlòmíràn máa ń mọ sí ẹnu, ti Àdùfẹ́ máa ń wọ orúnkún. Tí ẹ̀rín bá ti mú un, àfi kó wá ibi jókòó sí, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí kàfé íńtánẹ́ẹ̀tì gbòde, ní bí ọdún 2003, ó lọ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní kàfé Kenechukwu. Kenechukwu yìí kò ní sùúrù àtikọ́ èèyàn ní nǹkan kan. Tó o bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, á já máọ̀sì gbà lọ́wọ́ ẹ, á ṣe é wàràwàrà, á ní, "O ti rí i àbí?" Àwọn yòókù kì í rí i. Àdùfẹ́ máa ń rí i. Bó ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nìyẹn, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wẹ́ẹ̀bù sáìtì, títí tí kàfé fi kógbá sílé torí pé fóònù ti wọ ọwọ́ gbogbo èèyàn. Òun àti Kenechukwu wá jọ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Warehouse Road, wọ́n ń tẹ ìwé fún àwọn tó ń gba ẹrù ní èbúté.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Adékànmí, awakọ̀ tírélà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo àfi tó bá ń sùn. Wọ́n fẹ́ra. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wọn, orí afárá Ìjọ́rà ni bàbá ọmọ wà. Orí fóònù ló ti sọ ọmọ lórúkọ, bátìrì sì kú kó tó dé orí orúkọ kẹta. Àwọn àlejò ń wo Àdùfẹ́, Àdùfẹ́ ń wo fóònù. Títí dòní olónìí, orúkọ kẹta ọmọ yẹn ò dá bàbá ẹ̀ lójú mọ́, ó ní òun ti gbàgbé èyí tóun fẹ́ sọ.

Inú bí Àdùfẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé kò lè sunkún. Ṣe ló jókòó ti kọ̀ǹpútà. Sáìtì tó kọ́ ò ní ariwo nínú rárá. Ó lọ bá àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti omi láàárín àwọn tírélà, ó ní kí wọ́n máa fi nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sóun látorí fóònù, pẹ̀lú ibi tí ọkọ̀ náà dúró sí. Lórí sáìtì, ìyàwó á tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ ọkọ ẹ̀, á rí i: Wharf Road, ẹ̀gbẹ́ báǹkì. Tàbí: orí afárá, kò tíì kúrò níbi tó wà lánàá. Ìyàwó á mọ ibi tóun máa gbé abọ́ oúnjẹ lọ. Àdùfẹ́ pe sáìtì náà ní Ibi Tí Wọ́n Dé.

Àmọ́ sáìtì kì í kọ́kọ́ ní orúkọ. Ẹ̀rọ kan wà nílùú òyìnbó tí Àdùfẹ́ háyà àyè nínú ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn sì ní nọ́ńbà tiẹ̀ bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà yẹn sínú fóònù á bá sáìtì níbẹ̀. Orúkọ, ẹ̀yìn ìgbà yẹn lèèyàn ń rà á. Inú Adékànmí dùn sí iṣẹ́ ìyàwó ẹ̀ débi pé kò lè dúró de orúkọ. Ó wa tírélà ẹ̀ lọ bá Ìbídàpọ̀, tó máa ń kun ẹ̀yìn ọkọ̀ l'Ápápá, ìyẹn sì kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sẹ́yìn tírélà, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́, ó fi ọ̀dà òféèfèé yí i ká, ó wá fi ẹyẹlé méjì kádìí ẹ̀.

Ẹ mọ àwa èèyàn wa. Awakọ̀ kejì rí i, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí tòun náà. Ẹ̀kẹta rò pé nọ́ńbà àdúrà ni, ó ní kí wọ́n fi àgbélébùú sí i. Ọkùnrin kan n'Íjọ́rà fi ta lọ́tìrì, ó jẹ, láti ọjọ́ náà kò sí tírélà tó ka ara ẹ̀ sí tírélà tí kò ní nọ́ńbà Àdùfẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tí Àdùfẹ́ wá ra orúkọ fún sáìtì, tí gbogbo èèyàn ń tẹ orúkọ, kò sẹ́ni tó rántí nọ́ńbà mọ́. Ó di ọ̀ṣọ́.

Inú oyin làwọn ìyàwó awakọ̀ wà lọ́dún yẹn. Àmọ́ àwọn oníbúrẹ́dì ò lè fi mọ sí nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan, ẹnu ń yún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan lé e. Ọkọ̀ báyìí, Wharf Road, *driver no dey*. Ọkọ̀ báyìí, orí afárá, *driver don go since Tuesday*. Ẹ wo wàhálà. Ìyàwó kan gbé ẹ̀bà lọ fún ọkọ tó ní òun ti sun ojú títì lọ́sẹ̀ kan, ilé ìyàwó kékeré ní Badia ló ti lọ ká a mọ́. Ọkọ ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní obìnrin níta, bọ́ọ̀lù ló ń wò l'Ólódì. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ilé ìyá ẹ̀ ló ti ń jẹyán látàárọ̀ dalẹ́, torí pé ọbẹ̀ ìyàwó ẹ̀ ò lẹ́nu. Ìyẹn ló dun ìyàwó jù nínú gbogbo wọn.

Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Wọ́n ní sáìtì ń tú ilé ká. Alága ẹgbẹ́ wọn, Alàgbà Dáhùnsí, ọkùnrin oníyì tí kì í wọ aṣọ tí kò ní sítáàṣì, ní kí wọ́n ní sùúrù, òun á bójú tó o. Ọkọ̀ alága nìkan ni àwọn oníbúrẹ́dì kì í fẹnu bà, torí pé alága ló ń fàyè gbà wọ́n láti tajà láàárín ọkọ̀. Àfi ọjọ́ Àìkú kan tí ọmọbìnrin tuntun kan tí kò tíì mọ ojú alága fi ọkọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́, ó ní dírẹ́bà ò sí níbẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kí Àdùfẹ́ tó rí i.

Lọ́jọ́ kejì, sáìtì kú.

Àdùfẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, sáìtì gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ó tún kú. Kenechukwu bẹ ojú wò ó, ó súfèé. Ó ní ṣé Àdùfẹ́ ti rí i kí èrò tí kò fẹ́ ra nǹkan kan kóra jọ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù èèyàn, kí wọ́n kàn dúró gbọin, tí oníbàárà gidi ò fi ní ráyè wọlé. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ọkọ ẹ̀ ń wa tírélà. Ó ní wọ́n ń háyà irú èrò bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń háyà àga àti tábìlì, iye wákàtí téèyàn bá fẹ́ ni wọ́n á fún un.

Àdùfẹ́ ní, "Ta ni mo ṣẹ̀?"

Kenechukwu ní, "Ìwọ tó o ń sọ ibi tí ọkọ ọlọ́kọ wà fún ìyàwó ẹ̀? O béèrè dáadáa."

Kenechukwu ló mú ìmọ̀ràn aṣọ́nà wá. Ilé-iṣẹ́ kan wà lókè òkun, ó ní kò sí ohun méjì tí wọ́n ń ṣe ju kí wọ́n dúró síwájú sáìtì oní-sáìtì. Ẹni tó bá ń bọ̀ á kọ́kọ́ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá jẹ́ èèyàn wọ́n á ní kó wọlé, tó bá jẹ́ jàǹdùkú wọ́n á lé e sígbó. Ọ̀pọ̀ sáìtì ńlá ayé ló ń lò wọ́n. Nígbà tí wọ́n so sáìtì mọ́ wọn tán, ó jí, ó ń sáré bí ẹni tó jẹ ẹ̀bà tuntun. Àdùfẹ́ jó láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ó jó jáde sí Warehouse Road, àwọn tó ń já ẹrù dúró wò ó, ọ̀kan nínú wọn bá a jó díẹ̀ láìmọ ìdí. Inú ẹ̀ dùn, ó dùn débi pé ó ra ẹran fún Kenechukwu.

Ìdùnnú ọ̀hún ò pé ọjọ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Regina já wọ ṣọ́ọ̀bù bá a. Regina ni ìyàwó alága Dáhùnsí, òun ló sì ń darí àwọn ìyàwó awakọ̀. Ọmọ Ùròbò ni, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sanra, ohùn ẹ̀ sì lè dá ọkọ̀ dúró. Mẹ́fà nínú àwọn obìnrin tẹ̀ lé e, gbogbo wọn na fóònù sókè, Regina ní:

"Àdùfẹ́, aṣọ́nà ẹ ò jẹ́ ká wọlé. Ó ní ká fi hàn pé èèyàn ni wá."

Àdùfẹ́ gba fóònù. Àwòrán ló kún ojú ẹ̀, mẹ́sàn-án, wọ́n ní kí Regina tẹ gbogbo èyí tó ní nǹkan pupa kúkurú kan nínú, nǹkan náà dúró létí títì, ó ní etí méjì, ó dé fìlà.

"Mo tẹ èyí, ó ní irọ́ ni. Mo tẹ ìyẹn, ó ní irọ́ ni," Regina ní. "Mo ní sìlíńdà gáàsì ni, Eucharia ní òrìṣà òyìnbó ni, pé ẹ wò ó ní oríta. Kí ni nǹkan yìí gan-an?"

Kenechukwu ní ibi tí àwọn panápaná ti ń fa omi ni.

Eucharia, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, wá ní, "Omi wà níbẹ̀? Létí títì báyẹn, lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Tí àwa sì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà." Ó yí sáwọn yòókù. "Ṣé ẹ gbọ́? Omi wà létí títì wọn, wọ́n ń fi àwòrán ẹ̀ bi wá léèrè bóyá èèyàn ni wá."

Ẹ̀rín mú Àdùfẹ́, ó jókòó sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kenechukwu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Gbogbo fóònù Ajégúnlẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni ilé-iṣẹ́ fóònù ń kó wọn gbà jáde, nọ́ńbà kan náà ló máa ń wà lórí gbogbo wọn. Aṣọ́nà tó wà lókè òkun ò lè mọ̀ pé igba obìnrin ni. Ohun tó rí ni ẹnì kan ṣoṣo tó ń kan ilẹ̀kùn nígbà igba, ó ní jàǹdùkú ni. Aṣọ́nà ò mọ Ajégúnlẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún un? Èmi ò sọ pé kò mọṣẹ́ o, àmọ́ aṣọ́nà tó bá ti kọ́kọ́ ń lé onílé, ẹ̀rù ẹ̀ máa ń bà mí.

Wọ́n ṣì ń jà lórí nǹkan pupa yẹn nígbà tí sáìtì tún kú. Kú fin-ín-fin-ín. Aṣọ́nà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ pé, ilé sì ti wó lẹ́yìn ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni alága Dáhùnsí ránṣẹ́ pe Àdùfẹ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lábẹ́ afárá Ìjọ́rà. Ó fún un ní àga. Ó fún un ní mínírà. Ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Àdùfẹ́ ọmọ mi, àwa la fẹ́ràn ẹ jù. Àmọ́ sáìtì tó ń kú lójoojúmọ́ yìí, ìtànjẹ ni. Ìyàwó á wò ó, kò ní rí ọkọ ẹ̀, á rò pé ọkọ ti kú. Ṣé ìyẹn dáa? Lọ́jọ́ Sátidé, a máa ṣe ìpàdé lórí afárá níbí. Tí sáìtì bá dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó dáa. Tí kò bá dúró, màá kéde pé kò sí oníbúrẹ́dì kankan tó tún gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹni tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ ò ní tajà láàárín wa mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Sátidé ti sún mọ́ jù."

"Òun ni mo mọ̀," alága ní. "Mu mínírà ẹ."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àdùfẹ́ lọ́jọ́ náà. Tí àwọn oníbúrẹ́dì bá dákẹ́, sáìtì ti parí, ó di òfìfo. Iṣẹ́ kan ṣoṣo láyé tó fi orí ara ẹ̀ rò nìyẹn, tí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, tí àwọn obìnrin àdúgbò fi ń pè é ní orúkọ nígboro. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́nà lókè òkun, wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, àlàáfíà ni. Ó tún fi ránṣẹ́, wọ́n ní àlàáfíà ni. Kenechukwu ló wá jókòó ti ẹ̀rọ, ó wò ó títí, ó ní òótọ́ làwọn èèyàn yẹn ń sọ. Kò sí jàǹdùkú kankan tó gba ọ̀dọ̀ aṣọ́nà kọjá. Wọ́n ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá ni. Ẹ̀rọ tí sáìtì ń gbé inú ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lọ bá, ní tààrà, wọ́n mọ nọ́ńbà ẹ̀. Aṣọ́nà ò sì lè ṣọ́ ọ̀nà tí èèyàn ò gbà. Ọ̀nà kan ò wọjà.

"Ta lo sọ nọ́ńbà yẹn fún?" Kenechukwu bi í.

"Èmi? Mi ò sọ fún ẹnì kankan." Ojú Àdùfẹ́ ti ń ṣomi. "Mo fi ọmọ mi búra."

Ó jáde, torí kò fẹ́ kí Kenechukwu rí òun tóun ń sunkún. Ó dúró létí Warehouse Road, ó fẹ́ sọdá, ọkọ̀ ò jẹ́. Àmọ́ àwọn àgbà ní béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Tírélà kan kọjá níwájú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Pupa. Òféèfèé. Ẹyẹlé méjì. Nọ́ńbà.

Tírélà kejì kọjá, nọ́ńbà. Ẹ̀kẹta ní àgbélébùú, ó ní nọ́ńbà. Àdùfẹ́ gbójú sókè, ó wo títì látòkè délẹ̀, gbogbo Àpápá ló ń kígbe àdírẹ́sì ilé ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa sáìtì ò nílò ọgbọ́n kankan. Kó ṣáà dúró létí títì kó kà á.

Ẹ̀rín dé. Orúnkún ò gbà á, ó jókòó sórí pèpéle gọ́tà, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, ẹ̀rín ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Àǹtí kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ bi í pé ta ló kú.

Ó lọ bá Ìbídàpọ̀ tó ń kun ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tírélà mélòó lẹ kọ nọ́ńbà mi sí?"

Ojú Ìbídàpọ̀ tàn. "Ta ló lè kà á? Kódà àwọn tó ń lọ Kánò. Mo gbọ́ pé wọ́n rí i ní Màìdúgùrì."

Nígbà tó wá gbọ́ pé sáìtì máa kó lọ sí ẹ̀rọ míì tó ní nọ́ńbà míì, ó ti ṣí ọ̀dà. "Nọ́ńbà tuntun ńkọ́? Ìràwọ̀ ni màá fi yí èyí ká, lọ́fẹ̀ẹ́, torí tìẹ." Àdùfẹ́ ní kó má ṣèyọnu. Láti ọjọ́ yẹn títí dòní, kò sọ nọ́ńbà tuntun yẹn fún ọkọ, kò sọ fún ìyá, bó bá sì fẹ́ sùn ó máa ń di ẹnu ara ẹ̀.

Kíkó lọ ni ọ̀nà àbáyọ. Àmọ́ àwọn tó ni ẹ̀rọ lókè òkun ní ó di Mọ́ńdè kí wọ́n tó lè gbé e, torí pé àwọn èèyàn yẹn kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Sátidé sì ni alága dá. Àdùfẹ́ lọ bá Regina nílé lọ́jọ́ Fúráìdè, ó ro gbogbo ẹ̀ fún un, ó ní ó ti tán, sáìtì ò ní lè dúró lọ́la.

Regina ń gé ẹ̀fọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Kí ni sáìtì yẹn ń ṣe fún wa?"

"Ó ń sọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà fún yín, mà."

"Ṣé ẹ̀rọ tó wà lókè òkun yẹn ló ń lọ wò ó?"

"Rárá, mà. Àwọn oníbúrẹ́dì ni."

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ ju tiwa lọ ni?" Regina da ẹ̀fọ́ sínú omi. "Lọ sùn. Wọ bàtà tó dáa lọ́la."

Àárọ̀ Sátidé, tí ẹ bá wà ní Boundary, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀. Obìnrin tú jáde bí ẹni ń lọ pàdé ọba. Àwọn kan pọnmọ, àwọn kan gbé kúlà oúnjẹ, Eucharia gbé àga ìjókòó tiẹ̀ lórí, ó ní òun ò mọ bí ìpàdé ṣe máa pẹ́ tó. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pe ọkọ wọn ní orúkọ tí wọn kì í pè é lójú ọmọ. Wọ́n wọ Wharf Road, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì èbúté, obìnrin kọ̀ọ̀kan ń kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ọkọ bá wà níbẹ̀, wọ́n á hó yèè, wọ́n á fún un lóúnjẹ. Tí ọkọ ò bá sí níbẹ̀, ìyàwó á gòkè, á jókòó síbi tí dírẹ́bà ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ọ̀nà wò wọ́n, wọ́n yà fún wọn.

Àwọn ọkọ tó wà nílé ìyàwó kékeré gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ń sáré bọ̀ lórí ọ̀kadà láti gbogbo ọ̀nà. Ẹnì kan dé tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kejì yọ́ wọnú ọkọ̀, ó bá ìyàwó ẹ̀ nídìí sítíárì.

Láàárín gbogbo ẹ̀, Àdùfẹ́ ń wá tírélà ọkọ tiẹ̀. Látìgbà tí sáìtì ti kú, òun náà ò mọ ibi tí tiẹ̀ wà. Adékànmí ní orí afárá lòun wà, àwọn ọkọ yòókù náà ló ní orí afárá làwọn wà. Ó rí tírélà lókèèrè, ó rí ẹyẹlé. Ó gun ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó yọjú. Adékànmí na gbalaja sórí àga, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, búrẹ́dì jíjẹkù wà láyà ẹ̀. Inú Àdùfẹ́ dùn, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́. Kò jí i. Ó kàn fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá àwọn obìnrin lọ.

Ọkọ̀ alága ni wọ́n kàn gbẹ̀yìn, lórí afárá, níbi tí àwọn èrò ìpàdé ti ń péjọ. Regina gbá ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gòkè, ó jókòó, ó fi ìbòrí nu sítíárì. Dáhùnsí ti sọ fún un láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun ń sùn nínú ọkọ̀ yìí bí àwọn awakọ̀ yòókù, pé alága ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Lásìkò ìpàdé gan-an ni kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, alága sì sọ̀ kalẹ̀. Agbádá funfun, sítáàṣì kẹ̀ẹ́, ó ń ta sánsán bí ọṣẹ tuntun. Kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti rí i lónìí pé sáìtì ọ̀hún ò dúró," ó sì gbọ́ ohùn láti òkè orí ẹ̀.

"Bàbá Ṣínà, ẹ káàárọ̀."

Alága wòkè. Ó wo ọ̀nà tó gbà wá, tírélà ló tò lọ rẹrẹẹrẹ, obìnrin ló sì wà nídìí sítíárì nínú wọn. Ó yí sí Àdùfẹ́ pẹ̀lú ohùn tí kì í ṣe tiẹ̀.

"Àdùfẹ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, dá sáìtì yẹn padà. Èyí ti pọ̀ jù. Àwọn obìnrin á máa wò ó lórí fóònù nílé wọn, ìyẹn tẹ́ wa lọ́rùn. Màá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró báyìí."

Regina fi ìgúnpá lé fèrèsé. "Kí ta ni dáwọ́ dúró?"

Alága ti mọ̀ pé òun ti fẹnu ara òun jẹ́wọ́ pé òun ló háyà èrò tó ń pa sáìtì. Kò wo ẹnì kankan, ó yọ fóònù, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ̀rọ̀ kúkurú. Kò pẹ́ rárá, fóònù Eucharia kígbe, ti ẹni tó tẹ̀ lé e náà kígbe, Ibi Tí Wọ́n Dé ti jí. Àwọn obìnrin hó. Ṣe ni wọ́n gbé Àdùfẹ́ sórí àga Eucharia, àga ń dún kẹ́ẹ́, Àdùfẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi ré bọ́ láti orí ẹ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ pa lẹ́nu mọ́ náà ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ kíákíá, kò sẹ́ni tó tún rántí ìkéde.

Àdùfẹ́ ní òun ṣì máa kó sáìtì lọ síbòmíì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, torí ẹni tó lè ní kí wọ́n dáwọ́ dúró lónìí lè ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Alága ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá sọ lọ́jọ́ náà, alága ń ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá súnmọ́ ọkọ̀ ẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Ṣínà, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Regina ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún ìró ẹ̀ ró. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tó bá nídìí sítíárì lé ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́.

"Èmi ni mò ń lọ sílé. Ẹ̀yin, ẹ̀ ń gbé kọ̀nténà," ó ní. "Ẹ gòkè. Tí mo bá délé, màá wò ó lórí fóònù bóyá ẹ wà níbẹ̀."

Alága wo agbádá ara ẹ̀. Ó wo àwọn awakọ̀, ó wo àwọn ìyàwó wọn, ó wo ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì tuntun yẹn tó ti mú fóònù lọ́wọ́, tó ń dúró dè é. Ó ká apá agbádá lé èjìká, ó di irin ẹnu ọ̀nà mú, ó sì gòkè.